Ẹ̀yìn Tó Ń Dùn Yín, Ìrákò Kọ́ Ni Oògùn Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aláró ni mí, ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba níbí ni ìkòkò aró mi wà, mo sì ti pé ọmọ ọdún 56. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, níbi tí a ń so ìró mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò tí mo wọ̀ ní Old Garage sọ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọmọ ènìyàn fi ń rìn tẹ́lẹ̀, pé ìnàkí ni wá, ìgbà tí a na ara wa sókè ni ìyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa rákò yí yàrá ká fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, kí n sì ra bẹ́líìtì rẹ̀ tó ní òòfà nínú. Ó fi fídíò àwọn ènìyàn kan tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn hàn wá lórí fóònù. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní òótọ́ ni, pé wọ́n kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ìrákò náà? (Ìyá Aláró, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ aró, ẹ kú ìnira. Ẹ má rákò.

Mo ti dáhùn ìbéèrè yín tán yẹn o, ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà nínú ìkòkò lè máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin tó máa bi mí léèrè ìrákò yìí láàárín oṣù méjì, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ṣáájú yín kò sì béèrè kó tó ṣe é. Ìyá àgbà kan ni, ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Orí simẹ́ǹtì yàrá ló ti ń rákò, awọ eékún méjèèjì bó, ó di egbò, ẹ sì mọ bí egbò ṣe máa ń pẹ́ lára ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, egbò eékún ni wọ́n ń wẹ̀. Ẹ̀yìn tó torí rẹ̀ rákò ṣì wà níbẹ̀ tó ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi le díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Èmi náà kì í ṣe dókítà o. Físíò ni mí. Àwa la máa ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe, àwa lẹ máa ń bá pàdé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú P.O.P. kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó kán lẹ́sẹ̀. N kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn yín, lẹ́tà yín nìkan ni mo rí, nítorí náà ẹ má gba ohun tí mo ń kọ níbí bí àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ iṣan, ó lè jẹ́ eegun, ó tiẹ̀ lè jẹ́ kíndìnrín. Orí ìwé kọ́ ni a ti ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo lè sọ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ni pé ìtàn tí ọkùnrin yẹn fi ń ta bẹ́líìtì kì í ṣe òótọ́. Ó fi òótọ́ díẹ̀ bo irọ́ púpọ̀, bí olóúnjẹ tó bu ọbẹ̀ gbígbóná lé àmàlà àná. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn tó bí àwọn tó bí wa, nígbà láéláé, kò rìn bí a ṣe ń rìn lónìí. Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ti ìnàkí kúrò nílẹ̀. Ẹ ti rí àwòrán yẹn rí, ó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀: ìnàkí kan tó tẹ̀ba, òmíràn níwájú rẹ̀ tó gbórí sókè díẹ̀, òmíràn tó tún gbé e sókè sí i, títí tó fi kan ọkùnrin kan tó dúró ṣánṣán tó ń lọ. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Rudolph Zallinger ló ya èyí tí gbogbo ìyókù ti wá. Ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1965. Àwọn tó ń dà á kọ ló gé e kúrú di ẹni mẹ́rin, márùn-ún, tí wọ́n tò wọ́n bí ọmọ tó ń tẹ̀lé bàbá. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwòrán yẹn ni ọmọ yín rántí, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Bó bá wọlé, ẹ bá mi kí i, ẹ ní kó lọ tún ìwé rẹ̀ kà.

Ìnàkí tí wọ́n ń pè ní ṣimpansí kì í ṣe bàbá wa. Ìbátan wa ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, bó ti wù kó jọ yín tó, ẹ kò jẹ́ sọ pé òun ló bí yín. Bàbá àgbà kan náà lẹ jọ ní. Bàbá àgbà yẹn kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwa àti ṣimpansí rí. Ó ti tó mílíọ̀nù ọdún mẹ́fà sí méje, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí ọ̀nà wa ti yà, láti ìgbà náà ni òun náà sì ti ń yí padà nínú igbó tirẹ̀. Ìrìn tí ẹ máa ń rí tó ń rìn, tó máa ká ìka ọwọ́ kó tó fi ẹ̀yìn ìka tẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wò ó pé lẹ́yìn tí a ti pínyà ló tó kọ́ ọ. Àwọn kan ṣì ń jiyàn rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọṣẹ́ yìí tó máa sọ fún yín pé ṣimpansí kan jí lọ́jọ́ kan, ó na ẹ̀yìn, ó di ènìyàn.

Níbo wá ni ìdúró ti bẹ̀rẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí igi. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ohun tí wọ́n rí nínú igbó Sumatra ní Indonesia jáde: ìnàkí onírun pupa ibẹ̀, orangutan, máa ń dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì bó bá fẹ́ kọjá lórí ẹ̀ka tínrín, ọwọ́ rẹ̀ á di ẹ̀ka òkè mú, bí ìgbà tí èrò bá kún bọ́ọ̀sì tí ẹni tí kò ráyè jókòó di irin òkè mú. Eékún rẹ̀ á nà gbọọrọ. Ẹ rí i pé kò sí rírákò kankan nínú ìyẹn.

Eegun obìnrin kan tí wọ́n wú ní Aramis ní ilẹ̀ Etiópíà, tí wọ́n sọ ní Ardi, kín ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Mílíọ̀nù ọdún 4.4 ló ti lò nínú ilẹ̀. 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, ó di 2009 kí wọ́n tó kó iṣẹ́ náà jáde fún aráyé, nítorí eegun ọ̀hún ń fọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ bà á. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tọ̀ bí ti ọwọ́, ó lè fi di igi mú. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá òkè eegun ìbàdí rẹ̀ ti kúrú, ó ti fẹ̀, bí ti ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ méjì rìn nílẹ̀. Àárín igi ló gbé. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwa nílé ìwé, pé igbó gbẹ, a bọ́ sí pápá gbalasa, a dìde kí a lè máa wo kìnnìún lókèèrè, kò dúró mọ́ bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi dìde? Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo láti gbé oúnjẹ, ó lè jẹ́ oòrùn, ó lè jẹ́ agbára tí ìrìn ń gbà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdí kan ṣoṣo ni, ẹ dákun, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú bẹ́líìtì dání.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìrákò yìí ti wó. Oníbẹ́líìtì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná la dìde, tí ara kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá mi, ẹ wo ilẹ̀ iwájú ibi iṣẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti tẹ aró mọ́lẹ̀ rí, tí ẹ sì gba orí simẹ́ǹtì wọlé. Ẹ wo àmì tó kù síbẹ̀. Gìgísẹ̀ á hàn roboto. Láti gìgísẹ̀, aró á gba ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀ lọ, inú lọ́hùn-ún á funfun torí pé àtẹ́lẹsẹ̀ yín tẹ̀ sókè níbẹ̀, kò kan ilẹ̀. Aró á wá tún gbòòrò lábẹ́ àwọn ìka, àmì àtàǹpàkò á sì ṣú jù, torí òun lẹ fi ti ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò. Àtàǹpàkò náà á wà lọ́wọ̀ọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kò yà sápá kan.

Irú àmì ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ Mary Leakey, onímọ̀ tó ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, rí ní Laetoli ní ilẹ̀ Tàǹsáníà ní 1978. Òkè ayọnáyèéfín ló tú eérú dà sórí ilẹ̀, òjò wínníwínní rọ̀ sí eérú náà, ó di bíi simẹ́ǹtì tútù, àwọn kan sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ó gbẹ, eérú mìíràn bò ó, ó di òkúta. Ipasẹ̀ náà lọ tó mítà 27. Gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, àtàǹpàkò ló ti ilẹ̀ gbẹ̀yìn, ó wà lọ́wọ̀ọ́wọ́ pẹ̀lú ìka yòókù. Ọwọ́ kankan kò kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ tí wọ́n ti rin ìrìn ọ̀hún.

Irú àwọn tó rìn níbẹ̀ la mọ̀ dáadáa, torí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Donald Johanson rí eegun ọ̀kan nínú irú wọn ní Hadar ní Etiópíà, wọ́n sọ ọ́ ní Lucy. Mílíọ̀nù ọdún 3.2 ni tirẹ̀. Kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ọpọlọ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa lọ, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ àti eékún rẹ̀, ti ẹni tó ń dúró ni. Ohun èlò olókùúta tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí, Lomekwi ní Kẹ́ńyà, mílíọ̀nù ọdún 3.3. Ẹ rí bí ó ṣe tò: wọ́n ti ń rìn kí ọpọlọ tó tóbi, wọ́n ti ń rìn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ òkúta tí a rí. Kódà agbárí kan wà láti ilẹ̀ Chad, tí wọ́n rí ní 2001, tí wọ́n ń pè ní Toumaï. Ó tó mílíọ̀nù ọdún méje, ihò tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà jáde sì wà lábẹ́ orí, ó súnmọ́ àárín. Ti ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa ń wà lápá ìpàkọ́. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí eegun itan tí wọ́n ní tirẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta ṣe jìnnà tó, ẹ rántí Ihò Eléérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1965 kan náà tí àwòrán ìnàkí yẹn jáde ni awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Thurstan Shaw wú eegun òkú kan níbẹ̀, tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún 13. Òun la máa ń pè ní ará àtijọ́ nílẹ̀ yìí, a sì tọ̀nà. Síbẹ̀, bí a bá fi ti àwọn ará Laetoli ṣe ọjọ́ kan láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, ti Ihò Eléérú kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún kan náà ni àwòrán yẹn àti eegun tiwa jáde, ẹ wo èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nínú méjèèjì. Ó máa ń dùn mí.

Ẹ má bi mí ní ti pásítọ̀ tàbí ti àáfà o, ẹ má sì fi Ọbàtálá pè mí níjà. Eegun ni iṣẹ́ mi, eegun ni mò ń sọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀yìn yín gan-an. Ọmọ tuntun, bí ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ síta gbogbo rẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ igbá. Bó bá ti ń gbórí dúró, ọrùn á tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, tó ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, tí a ń pàtẹ́wọ́ fún un, ìgbà náà ni kòtò ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wá jinlẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ ń so ìró mọ́ yẹn gan-an. Ìdúró àti ìrìn ló ń gbẹ́ kòtò ọ̀hún. Ṣimpansí kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ìdúró ba ẹ̀yìn jẹ́ ń sọ pé àkàṣọ̀ ló ba àjà jẹ́.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin obìnrin. Ní 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà fi hàn pé eegun mẹ́ta ló ní ìrísí tó ń jẹ́ kí kòtò yẹn tẹ̀ lára obìnrin, méjì ló ní in lára ọkùnrin. Oyún ni wọ́n ní ó fà á: bí ikùn bá ń tì síwájú, obìnrin gbọ́dọ̀ lè fà sẹ́yìn kó má ṣubú. Wọ́n rí ìyàtọ̀ yẹn lára eegun àwọn ará àtijọ́ tó ti lo mílíọ̀nù ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tó ti ń gbé oyún dúró láti ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan wá dúró nínú mọ́tò, tó ń sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n dúró.

Ẹ sì wo Arugbá lóṣù kẹjọ. Láti ààfin Àtáọ́ja títí dé igbó Ọ̀ṣun, igbá wà lórí, èrò ń tì í lọ́tùn-ún lósì, ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ ní Olú-Òde ń ṣe é lójoojúmọ́ láìsí ìlù. Àwọn onímọ̀ kan wọn èémí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1986: bí ẹrù náà kò bá ti ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara obìnrin náà lọ, agbára tó ń lò láti rù ú rìn kò ju èyí tó ń lò láti rìn lọ́wọ́ òfo. Ní 2007, àwọn mìíràn gbé ṣimpansí àti ènìyàn sórí ẹ̀rọ ìrìn, wọ́n rí i pé ìrìn ènìyàn kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ìrìn ṣimpansí ń gbà lọ. (Ẹ má torí èyí lọ ru àpò gàrí o. Ẹ̀yìn tó ń dùn, ẹ jẹ́ kó sinmi ẹrù ná.)

Fídíò tó fi hàn yín, mo mọ̀ ọ́n. Ẹbí kan ní ilẹ̀ Tọ́kì ni, àwọn ọmọ ìyá kan tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn. Àìsàn àbímọ́ni ni, ó bá apá ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ara dúró láìfì jà. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn kan pariwo pé wọ́n padà sí ìrìn àtijọ́ ni. Ní 2014, wọ́n fi ìṣísẹ̀ wọn wé ti ìnàkí àti ọ̀bọ, kò bára mu rárá. Ìṣísẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa ni bí wọ́n bá ní kó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ torí ara wọn ń fì. Ẹni tó ń fi àìsàn ọmọ ọlọ́mọ polówó bẹ́líìtì, ojú kò tì í.

Ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan bí ẹ bá tún bá a wọ mọ́tò: bí ẹsẹ̀ mẹ́rin bá ń dáàbò bo ẹ̀yìn, kí ló dé tí ajá ń ní àrùn ẹ̀yìn? Ajá gígùn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní dachshund, tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì lè rọ. Kò sì dìde dúró rí láyé rẹ̀.

N kò sọ pé ìdúró kò ní gbèsè tirẹ̀. Ìbàdí tó há ló jẹ́ kí ìrọbí wa le ju ti ìnàkí lọ, gbogbo ìwọ̀n ara tó ń sọ̀kalẹ̀ sórí eékún méjì náà ń fojú wọn rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dídùn kò mọ ẹni tó ń rìn yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 619 ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ní 2020. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, kò sí eegun kan tí a lè nàka sí. Ohun tí mo ń rí níbi iṣẹ́ ni pé ara tó bá dúró sójú kan pẹ́ ló máa ń ṣàròyé. Ẹ̀yin ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìkòkò láti àárọ̀, ẹ ń ri aṣọ, ẹ ń fà á, ó tutù, ó wúwo, omi ń ro, ẹ tún yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sá a. Bí ẹ bá wá ní kí ẹ nàró, ó di ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí, bí ẹni tó gbé odó mì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ yẹn ló sún mọ́ ìrákò, kì í ṣe ìrìn. Ẹ ti ń rákò látàárọ̀ láìmọ̀!

Àwa náà máa ń ní kí aláìsàn dúró lórí eékún àti ọwọ́ fún eré ìdárayá kan, lórí ẹní tó rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó na apá kan àti ẹsẹ̀ òdìkejì. Bóyá ibẹ̀ ni ẹnì kan ti wò ó. Ẹ má ṣe é láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì yín.

Èyí tí ẹ lè ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ mi ni ìrìn. Ní 2024, wọ́n tẹ àyẹ̀wò kan jáde ní Australia: 701 ènìyàn tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Wọ́n ní kí àwọn kan máa rìn, díẹ̀díẹ̀, kí ó máa pọ̀ sí i, físíò ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Àwọn tí wọn kò rìn, ní àárín, ọjọ́ 112 ni ìrora fi padà wá. Àwọn tó rìn, ọjọ́ 208. Kò wò ó tán pátápátá, mi ò ní sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ máa rìn láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láti ibi iṣẹ́ yín síwájú ààfin kí ẹ sì padà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Bó bá dùn díẹ̀, kò burú. Bó bá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù láti má lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ yín wò, pàápàá ní ọjọ́ orí yín. Ẹ lọ. Bí abẹ́ àti àárín itan bá kú, tí ẹ kò mọ ọwọ́ lára níbẹ̀, bí ìtọ̀ kò bá jáde tàbí tó ń jáde fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ẹ má dúró di ọ̀la, ilé ìwòsàn lóru náà ni. Bí ibà bá wà níbẹ̀, bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí ẹ ti ṣubú, bí ẹ ti ní jẹjẹrẹ rí, bí ìrora náà bá ń jí yín lóru tí ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ kò dín in kù, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìfi ìkankan pamọ́. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn ìyá wa láti sọ ti ìtọ̀. Ẹ sọ ọ́.

Ẹ gbé ìkòkò aró yẹn sórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹnu rẹ̀ lè kan ìbàdí yín. Bó bá jẹ́ èyí tí a rì mọ́lẹ̀, ẹ wá àpótí jókòó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí i. Àwọn aṣọ tó ti mumi, kí ọmọ yín onípẹ̀kun ẹ̀kọ́ yẹn máa fà wọ́n nígbà tó bá wà nílé.

Ní ti bẹ́líìtì, òòfà kò rí nǹkan kan ṣe sí ẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá tíì sanwó, ẹ má san. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ tú òòfà inú rẹ̀ jáde, àwọn tó ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín lè máa fi wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.